Máàkì kan, ìpínlẹ̀ mẹ́rin

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ní Abùjá ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Kakuri ní Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìsánlú ní Kogí sì ni ìyàwó mi. Ọmọbìnrin wa àgbà ṣe ìdánwò Common Entrance sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ṣe dáadáa, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tó jẹ́ pé ọmọ mi ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún, orúkọ tiẹ̀ jáde, torí pé ọmọ Zamfara ni bàbá rẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé kí ni òun ṣe tí kò tó. Mi ò rí èsì fún un. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fagi lé kótà tí wọ́n fi ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ yìí pátápátá, kí ẹni tó bá mọ̀wé jù máa wọlé? Bàbá Àníkẹ́, Kúbwà.

Ìdáhùn: Bàbá Àníkẹ́, ẹ kú ìrójú. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ẹ sọ fún un pé bàbá arúgbó kan ní Gwarinpa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ má baà máa wá a kiri. Mi ò gbà pé kí wọ́n fagi lé kótà pátápátá. Èyí tí à ń lò lọ́wọ́ yìí náà, mi ò lè gbè lẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, mo sì ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń yan èèyàn, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi.

Ní 2013, àwọn ìwé ìròyìn gbé máàkì tí ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ jáde, ariwo sì ta káàkiri. Anambra ló ga jù, 139. Èkó jẹ́ 133, Ọ̀yọ́ 127, Kogí 119. Kàdúná jẹ́ 91, Abùjá 90. Zamfara ńkọ́? 4 fún ọmọkùnrin, 2 fún ọmọbìnrin. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé. Ti ọdún yìí lè yàtọ̀, àmọ́ ẹ bá mi mú ọmọ kan tó gba 121 lọ́dún náà, ká sì ní ilé yín ló ti wá. Bí wọ́n bá kà á sí Abùjá tó ń gbé, ó ti wọlé, máàkì 31 ló sì fi lé. Bí wọ́n bá kà á sí Kàdúná tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ó wọlé. Bí wọ́n bá kà á sí Kogí ìyá rẹ̀, ó wọlé, àmọ́ máàkì méjì péré ló fi rá pálá wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá kà á sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé ọdún nìkan ló ń gbé e débẹ̀, ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn lójú. Ọmọ kan náà, bébà kan náà, bírò kan náà.

Òfin wo ló ní kó jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ ṣí ìwé òfin 1999 sí abala 318. Ó ní ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Kò mẹ́nu ba ibi tí wọ́n bí ọ sí, kò mẹ́nu ba ibi tí o ti ń san owó orí. Ẹ lè fi ọgọ́ta ọdún gbé Kàdúná, kí ẹ kọ́lé síbẹ̀, kí ẹ sin òbí yín síbẹ̀, òfin yìí á ṣì máa tọ́ka yín sí ojú ọ̀nà Ìlọrin.

Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́ ni pé abala 15 ìwé òfin yìí kan náà ní kí ìjọba rí i dájú pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbikíbi tó bá wà. Ó dùn létí. Àmọ́ orí kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì ti ní ẹnikẹ́ni kò lè torí ohun tó wà ní orí kejì pe ìjọba lẹ́jọ́. Federal character náà, ìlànà pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ rí àyè nínú iṣẹ́ ìjọba, orí kejì yìí ló wà, ní abala 14. Ṣùgbọ́n òun rí ẹ̀ṣọ́: wọ́n dá àjọ sílẹ̀ fún un ní 1996, wọ́n fún un ní fọ́múlà pé ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ olú ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Abùjá ní 1. Ẹ̀tọ́ olùgbé kò ní àjọ. Kò ní fọ́múlà. Ó kàn wà nínú ìwé bí àwòrán ara ògiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Zamfara, torí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń fi máàkì mẹ́rin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Máàkì ìwọlé kì í wọn ọpọlọ. Wọ́n á ya àyè sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀, wọ́n á to àwọn tó ṣèdánwò láti ibẹ̀ láti orí ẹni tó ga jù, wọ́n á máa kà á bọ̀ títí àyè yóò fi kún. Èkó ló sábà máa ń ní olùdíje tó pọ̀ jù lọ́dọọdún, Zamfara a sì máa wà lára àwọn tó kéré jù. Níbi tí èrò ti pọ̀, kíkà náà yóò dúró lókè. Níbi tí ọmọ ìwọ̀nba ti wá, yóò dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Máàkì mẹ́rin ń sọ fún wa pé àwọn ọmọ náà kò wá. Kí ló fẹ́ gbé wọn wá? Níbi tí tíṣà kan ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, ta ni yóò sọ fún bàbá ọmọ pé ìdánwò kan ń bọ̀, ta ni yóò bá a gba fọ́ọ̀mù? Láti February 2021 tí àwọn ajínigbé ti kó àwọn ọmọbìnrin tó lé ní igba àti àádọ́rin lọ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Jangebe, òbí wo níbẹ̀ ni kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé ọmọ?

Àwa náà kò sì já ìwé lórí igi. Badagry ti ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní àárín ọdún 1840 sí 1850. Lókè Ọya, àwọn òyìnbó ṣàdéhùn fún àwọn ọba ibẹ̀ pé àwọn kò ní dá sí ẹ̀sìn wọn, wọ́n sì ká àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kò. Ilé ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ní January 1955, Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó wọlé lọ́dún yẹn ti di bàbá àgbà, ọmọ rẹ̀ ti di tíṣà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń gba 130 lónìí. Mi ò ní kò ṣiṣẹ́ fún un. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pariwo pé ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n nìkan ni kó wọlé, ẹ jẹ́ ká yẹ òṣùwọ̀n náà wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìrẹsì lọ́jà Kúbwà mọ̀ pé mudu méjì lè wà lórí tábìlì kan náà, kí wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá yín pe kótà ní olè. Ibi tí mo ti bá a ṣìjà ni ibòmíràn.

Ní October 1975 tí Murtala Muhammed ń bá ìgbìmọ̀ tó fẹ́ kọ ìwé òfin tuntun sọ̀rọ̀, ó mẹ́nu ba federal character. Ìgbà tó di 1979, ó ti wọnú ìwé òfin. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní bí ọdún márùn-ún ni. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí àwọn ẹ̀yà kan má ko gbogbo ipò, kí àwọn yòókù máa wò bí ẹni tí wọn ò pè síbi àsè. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ojú tó wà nílé ìjọba ni: ta ni mínísítà, ta ni ọ̀gá ológun, ta ni akọ̀wé àgbà. Mo gbà á. Níbi tí ẹ̀yà ti lé ní igba, ìjọba tí èèyàn ò bá rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó jẹ́ mínísítà ń ṣojú àwọn kan, kò sì burú bí a bá béèrè ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígbé ẹni tó ṣubú dìde, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Níbẹ̀, ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: kí ni ojú ẹni yìí ti rí? Tíṣà mélòó ló kọ́ ọ? Ṣé iná wà níbi tó ti kàwé? Àwa ti da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ìbéèrè tó yẹ mínísítà ni à ń bi ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í ṣe aṣojú ẹnikẹ́ni, ìwé ló wá kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ rí ní gbangba. Lọ́dún kan, èmi àti àwọn mẹ́rin jókòó ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ, à ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Àyè kan ṣoṣo ló kù fún ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya, èèyàn méjì ló sì ń dù ú. Ẹni àkọ́kọ́ wọ mọ́tò òru wá. Eruku ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó di àwọn sẹ́tífíkéètì rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó ń tú u jẹ́jẹ́ bí ẹni tó di ẹyin. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní pírámárì kó tó rí owó lọ sí yunifásítì. A bi í léèrè lórí ìṣirò owó ìjọba, ó dáhùn, ó tilẹ̀ fọgbọ́n sọ fún wa pé nọ́ńbà kan nínú ìbéèrè wa kò bára mu. Òótọ́ ni, àwa la kọ ọ́ ṣì.

Ẹnì kejì wọ bàbáńrìgá tó ń dán yanran. Òkè òkun ló ti ka ìwé girama, Maitama, àdúgbò àwọn olówó ní Abùjá, nilé wọn. Alága bi í pé ìjọba ìbílẹ̀ wo ló ti wá. Ó ní ká fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Ó yọ fóònù, ó wò ó, ó wá dá wa lóhùn. Ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ ló ń wò nínú fóònù! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ìwé tí wọ́n gbé fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín, gbogbo wa ló sì mọ ohun tí ìlà náà ń wí. Òun ló gba iṣẹ́. Èmi náà fọwọ́ sí i. Federal character kò rí àléébù kankan níbẹ̀: ìpínlẹ̀ náà gba àyè rẹ̀, ìdá rẹ̀ pé. Mo ṣì máa ń rántí láílọ́ọ̀nù yẹn. Sílọ́ọ̀tì tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn, kí ẹ má tan ara yín, ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ.

Àwọn ará Íńdíà ti bá ọ̀rọ̀ yìí wọ̀jà jù wá lọ. Láti 1950 tí ìwé òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn tí ètò ìran tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1990, ìjọba wọn kéde ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ẹ̀yà mìíràn tó kù sẹ́yìn. Ìgboro dàrú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dáná sun ara wọn. Ní 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí ìdá 27 náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan tì í: ọmọ ẹni tó ti rọ́wọ́ mú nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n fi irú wọn wé ọ̀rá tó léfòó sórí wàrà, pé kí wọ́n ha á kúrò kí ìsàlẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́. Láti 2017, owó tó ń wọlé fún òbí lọ́dún kò gbọdọ̀ tó 800,000 rupee kí ọmọ tó lè jẹ nínú àǹfààní náà. Ẹ wá ronú wo: bí a bá ní irú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, ọmọ Maitama tí mo sọ yìí kò ní jókòó níwájú wa rárá lórí àyè yẹn.

Ní Texas ní Amẹ́ríkà, òfin 1997 gba ibòmíràn. Ẹni tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá tó ta yọ nínú kíláàsì rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìbáà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò olówó tàbí ti mẹ̀kúnnù, ti ní àyè ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dín ìdá náà kù fún ti Austin láti ìgbà náà. Wọn ò bi í ní ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó ni wọ́n fi í wé. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni Nàìjíríà ní. Kí wọ́n mú àwọn ọmọ tó ta yọ níbi tí wọ́n ti kàwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n gbàgbé ibi tí wọ́n sin bàbá àgbà sí. Ọmọ darandaran ní Zamfara yóò wọlé. Àníkẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò jọ dù ú ní Bwari tí Kúbwà wà. Àwọn kan ní olówó yóò máa gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé láti fi rẹ́ wọn jẹ. Ó dára, kí wọ́n gbé e lọ. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé á rí òrùlé.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, pé kótà yóò fún wa ní dókítà tí kò mọ abẹ́rẹ́ gún, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní lórí rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ìwọlé ni kótà ń gbé. Níbi ìdánwò àṣejáde, kò gbọdọ̀ yọjú. Bó bá ti yọjú síbẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní kótà, ó ti di jìbìtì.

Àwa Yorùbá sì ti jẹ nínú àwo méjèèjì o. Nígbà tí ìjọba Àríwá lábẹ́ Ahmadu Bello ń fi ọmọ Àríwá síṣẹ́, ọmọ Àríwá ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, òyìnbó ló tẹ̀ lé e, ọmọ Gúúsù ló kẹ́yìn, ìyẹn náà lábẹ́ àdéhùn ọdún díẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà jẹ́ ọmọ Àríwá nínú ìwé yẹn. Ọmọ Ìkìrun tó wà ní ẹ̀bá ibẹ̀, tí wọ́n jọ ń kí ìkíni kan náà, di àlejò. Ààlà tí òyìnbó fà ló pín wọn. Lónìí ẹ̀wẹ̀, àwa ará Sábón Gàrí Kánò ń sunkún pé wọ́n ń pe ọmọ wa ní bàkó, ìyẹn àlejò, níbi tí wọ́n bí i sí. Sábó Ìbàdàn ńkọ́? Ọmọ Haúsá tí wọ́n bí níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ pàápàá jẹ́ bíbí ibẹ̀, tó ń pòwe lẹ́nu ju ọmọ tèmi lọ, kó lọ béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kó wá ròyìn fún mi. A kì í fẹ́ gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ̀kínní, abala 318 tí mo kà fún yín sọ pé bàbá *tàbí* ìyá. Àwọn akọ̀wé kan á máa jiyàn pé ti bàbá nìkan ló wà. Ẹ fi ìwé òfin hàn wọ́n. Àníkẹ́ lè lo Kogí bí ìyá rẹ̀ bá gba ìwé ẹ̀rí ní Ìsánlú, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ pinnu nísinsìnyí, kí ó wà bákan náà nínú NIN àti gbogbo ìwé rẹ̀, torí ọmọ tó bá ń jẹ́ Ọ̀yọ́ lónìí tó ń jẹ́ Kogí lọ́la yóò rí ìjàngbọ̀n níwájú. Ẹ rántí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kẹ́ ẹ tó yàn: níbẹ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti máàkì, 35 ni ti agbègbè ilé ẹ̀kọ́, 20 ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló wù ú, Ògbómọ̀ṣọ́ tó tì í síta lónìí ni yóò fà á lọ́wọ́ wọlé.

Ẹ̀kejì, ẹ ṣọ́ àwọn tó ń ta ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ máa béèrè àkójọ orúkọ ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí wọ́n sábà máa ń gbé àfikún jáde lẹ́yìn tí àwọn tí kò wá bá ti yọ.

Ní ti èsì tí ẹ máa fún un. Ẹ má sọ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba àyè rẹ̀. Àyè Zamfara kò fìgbà kan jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Bí ẹnì kan bá gba àyè tó yẹ kí ó kàn án, ọmọ Ọ̀yọ́ mìíràn tó fi máàkì díẹ̀ jù ú lọ ni, bóyá ọmọ Ìbàdàn kan tí kò mọ̀ rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kàwé ní Kúbwà, tí iná ń tàn nílé wọn, kọ́ ni kótà wà fún, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, òun kọ́ ló kọ òfin. Kí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ sọ fún Àníkẹ́ pé ohun tó ṣe tó. Ibi tí wọ́n gbé e sí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n ni kò tọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi gbé fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wá sílé mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Gwarinpa níbí ni wọ́n bí i, kò tíì sùn mọ́jú ní ìlú wa rí. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń bá bàbá rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè ìpínlẹ̀ àti ìlú, ó bi mí pé, «Bàbá àgbà, ibo nìyẹn?» Mo ní ìlú rẹ ni. Mo sì kọ ọ́ síbẹ̀.